Ìyọkúrò Nínú Ìṣirò: Láti Orí Owó Ẹyọ Dé Inú Ẹ̀rọ Àtúntò

Orúkọ oyè ni Baṣọ̀run kí ó tó di orúkọ àdúgbò. Olúyọ̀lé jẹ oyè náà. Ògúnmọ́lá náà sì jẹ ẹ́ ní 1865, lẹ́yìn ogun Ìjàyè tí ó sọ ọ́ di akọni tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀. Àdúgbò Baṣọ̀run òde òní, tí kò jìnnà sí Bódìjà àti ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, jẹ́ ara Ìbàdàn titun. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ará Ìbàdàn ayé Ògúnmọ́lá mọ̀ bí ẹni mowó, tí ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí Baṣọ̀run lóde òní kò mọ̀ mọ́. Ohun náà ni òǹkà Yorùbá. Bí a bá bi ọmọ ilé-ìwé léèrè pé kí ni 9 lọ́nà 5, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìdáhùn yóò gbà jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí àgbàlagbà kan bá sọ fún un pé àrùndínláàádọ́ta ni orúkọ iye náà, ọmọ náà yóò fèsì pé òǹkà yìí ti nira jù. Èétiṣe tí ènìyàn yóò fi gòkè dé ọgọ́ta, tí yóò yọ mẹ́wàá kúrò, tí yóò tún yọ márùn-ún kúrò, kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ?

Ẹ̀sùn yìí kì í ṣe ti ọmọdé nìkan. Àwọn onímọ̀ èdè àti àwọn olùkọ́ ìṣirò kan ti dábàá òǹkà titun tí yóò máa gba mẹ́wàá-mẹ́wàá lọ, tí kò ní sí ìyọkúrò nínú rẹ̀ rárá. Ìdí wà fún àbá wọn, nítorí pé bí iye bá ti ń tóbi sí i ni orúkọ rẹ̀ ń gùn sí i, tí ẹni tí ó ń sọ ọ́ sì lè ṣìnà láàrin ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó wà nínú ẹ̀sùn náà, ó sì yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkíní ni pé orúkọ àwọn iye ńlá gùn. Èyí kò ní àríyànjiyàn. Èkejì ni pé ìyọkúrò fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà ìṣirò tí ó lọ́ra, tí ó yẹ fún àwọn ará àtijọ́ nìkan. Èyí ni ó yẹ kí a gbé lọ síwájú ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí tí ó sì tọ́ jù lọ ni àwọn ènìyàn tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn wá bí ẹ̀rọ yóò ṣe máa ṣírò kíákíá.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ dúró díẹ̀ ní ọjà àtijọ́. Adolphus Mann, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ará Jámánì tí ẹgbẹ́ C.M.S. rán wá, gbé ní Ìjàyè ní àwọn ọdún tí ó ṣáájú ìgbà tí Ìbàdàn fọ́ ìlú náà ní 1862. Ní 1887 a tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí òǹkà Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ṣàlàyé bí a ti ń ka owó ẹyọ. Wọn a da àpò owó sílẹ̀. Ẹni tí yóò kà á a jókòó tàbí kí ó kúnlẹ̀ tì í. A sì máa yára fi ọwọ́ fa ẹyọ márùn-ún márùn-ún sọ́dọ̀. Bí ó bá fà á lẹ́ẹ̀mẹrin, ogún pé. Bí ogún bá di márùn-ún, ọgọ́rùn-ún pé. Ọgọ́rùn-ún méjì ni igba. Ní irú ìṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ojú ń wò mọ́ bí kò ṣe òkìtì. Ẹni tí ó bá ti mọ òkìtì ogún lójú, tí ó rí i pé ẹyọ mẹ́ta ni kò jẹ́ kí ó pé, kò nílò láti padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ení, èjì. Ẹ̀tàdínlógún ni yóò pè é, ojú rẹ̀ yóò sì ti wà lára òkìtì tí ó kàn.

Ohun kejì wà nínú owó ẹyọ tí a kì í sábà mẹ́nu bà. Ogójì ẹyọ ni a ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ó ń di ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ó sì ń di ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. Ẹni tí ó ra iyọ̀ díẹ̀ yóò máa sọ̀rọ̀ ní ẹyọ. Ẹni tí ó ra ẹṣin yóò máa sọ̀rọ̀ ní ọ̀kẹ́, kò sì ní bá olówó ẹṣin jà nítorí ẹyọ mẹ́ta. Ìyẹn ni pé ìwọ̀n tí a fi ń kà á ń yí padà bí iye náà bá ti tó, tí àṣìṣe tí a lè gbójú fò náà sì ń bá ìwọ̀n yìí lọ. Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní floating-point kò jìnnà sí èyí. Ẹ̀rọ a pín nọ́ńbà sí apá méjì. Apá kìíní, tí a lè pè ní apá òǹkà, ni ó ń sọ àwọn àmì tí ó wà nínú nọ́ńbà náà gan-an. Apá kejì, tí a lè pè ní apá ìwọ̀n, ni ó ń sọ ibi tí pọ́ìǹtì yóò dúró sí, bóyá ẹyọ ni a ń kà tàbí ọ̀kẹ́. Nítorí pé pọ́ìǹtì náà lè ṣí kiri, ẹ̀rọ kan náà lè gba ìwọ̀n kòkòrò tí ojú kò lè rí, kí ó sì tún gba bí oòrùn ti jìnnà sí ayé tó.

Konrad Zuse, ẹnjiníà ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ kọ́ irú ìṣirò yìí sínú ẹ̀rọ tí ó ń lo òǹkà 0 àti 1. Inú ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Berlin ni ó ti ṣe ẹ̀rọ Z1, tí ó parí ní 1938. Ní 1941 ó fi Z3 han àwọn onímọ̀. Bíìtì 22 ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní nínú ẹ̀rọ yìí, ìsọdipúpọ̀ kan ṣoṣo sì ń gbà á tó nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3. Bọ́ǹbù ogun àgbáyé kejì ba Z3 jẹ́ ní 1943. Ní 1954 ilé-iṣẹ́ IBM gbé ẹ̀rọ 704 jáde, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ tí a tà tí ó ní apá ìṣirò yìí nínú irin rẹ̀. Láti ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe tirẹ̀ bí ó ti wù ú: iye bíìtì yàtọ̀, ọ̀nà tí a fi ń gé ìyókù yàtọ̀, tí ìṣirò kan náà fi ń fún ènìyàn ní ìdáhùn méjì lórí ẹ̀rọ méjì. William Kahan, onímọ̀ ìṣirò tí a bí ní Kánádà, ni ó ṣe gudugudu méje láti fi òpin sí ìdàrúdàpọ̀ yìí. Òfin tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ là sílẹ̀, IEEE 754, jáde ní 1985. Ó yan bíìtì 32 fún nọ́ńbà kékeré: 1 fún àmì ìdín tàbí ìlé, 8 fún ìwọ̀n, 23 fún òǹkà. Ó yan bíìtì 64 fún nọ́ńbà ńlá: 1, 11 àti 52.

Nínú irú ìṣirò yìí, ohun kan wà tí ó máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu: ìròpọ̀ le ju ìsọdipúpọ̀ lọ. Ọjà ni a tún lè fi ṣàlàyé rẹ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ ro ọ̀kẹ́ mẹ́ta pọ̀ mọ́ okùn méje, kò lè ro mẹ́ta mọ́ méje kí ó ní mẹ́wàá. Ó ní láti kọ́kọ́ sọ méjèèjì di ìwọ̀n kan náà. Bákan náà ni ẹ̀rọ ní láti fi ìwọ̀n méjèèjì wéra, kí ó ṣí àwọn àmì nọ́ńbà tí ó kéré títí wọn yóò fi bá ti èyí tí ó tóbi dọ́gba, kí ó rò wọ́n pọ̀ tàbí kí ó yọ wọ́n kúrò, kí ó wá ibi tí 1 àkọ́kọ́ wà nínú ìdáhùn, kí ó tún ṣí i padà, kí ó sì gé ìyókù. Ìsọdipúpọ̀ kò ní gbogbo wàhálà yìí. Òǹkà pàdé òǹkà, ìwọ̀n mọ́ ìwọ̀n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ní 1981, nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford, Michael Farmwald fi hàn pé ìṣíkiri ńlá méjèèjì kì í pọn dandan fún ìròpọ̀ kan náà. Bí ìwọ̀n àwọn nọ́ńbà méjì bá jìnnà síra, a óò ṣí púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀ ṣùgbọ́n a kò ní ṣí púpọ̀ lópin. Bí wọ́n bá súnmọ́ra, tí a sì yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò rọrùn, tí òpin yóò sì le. Nítorí náà kí a la ọ̀nà méjì, kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan gba èyí tí ó yẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìsọdipúpọ̀ ni ó gbé ìyọkúrò wá sí gbangba. Ní Birkbeck College, Lọ́ńdọ̀nù, Andrew Donald Booth àti Kathleen ìyàwó rẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́ kọ̀ǹpútà ìgbà ìjímìjí. Ní 1951 Booth tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí bí a ṣe lè sọ nọ́ńbà oní-0-àti-1 di púpọ̀, ìbáà jẹ́ èyí tí ó ju òdo lọ tàbí èyí tí ó dín sí i. Ẹni tí ó bá ní bébà àti bírò lọ́wọ́ lè bá ọ̀rọ̀ yìí lọ. Nínú òǹkà ẹ̀rọ, fífi 2 sọ nọ́ńbà di púpọ̀ kò ju kí a ṣí i sípò kan lọ́wọ́ òsì, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé-ìwé ti ń fi òdo kan sí ẹ̀yìn nọ́ńbà tí ó bá fẹ́ fi 10 sọ di púpọ̀. Fífi 15 sọ ọ́ di púpọ̀ ni iṣẹ́. Ẹ̀rọ a kọ 15 ní 1111, ìyẹn ni 8, 4, 2 àti 1, èyí tí ó túmọ̀ sí pé nọ́ńbà mẹ́rin ni a óò rò pọ̀. Booth ní kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹ̀rọ kọjá lọ sí 16, kí ó sì yọ 1 kúrò. Ìṣíkiri kan àti ìyọkúrò kan, iṣẹ́ ti parí. Bí ó ti wù kí 1 tí ó tò tẹ̀lé ara wọn pọ̀ tó, ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin wọn nìkan ni ẹ̀rọ ní láti wò.

Yorùbá pe 15 ní ẹ̀ẹ́dógún, ogún tí ó dín márùn-ún. Ẹ̀rọ Booth pè é ní mẹ́rìndínlógún tí ó dín ọ̀kan. Ìpìlẹ̀ òǹkà yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìrìn náà kò yàtọ̀: ẹ kọjá rẹ̀, kí ẹ sì padà. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé Booth gbọ́ Yorùbá tàbí pé ó ka ìwé Mann, kò sì sí ìdí láti sọ ọ́. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé àwọn méjì tí kò mọ ara wọn, tí ọ̀kan ń ṣíṣẹ́ lórí òkìtì ẹyọ tí èkejì ń ṣíṣẹ́ lórí wáyà, dé orí ìpinnu kan náà nítorí pé ìyára ni wọ́n ń wá. Ní 1961 MacSorley, ẹnjiníà ní IBM, tún ọgbọ́n náà ṣe débi pé bíìtì méjì ni ẹ̀rọ ń wò lẹ́ẹ̀kan, tí iye nọ́ńbà tí a óò rò pọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìdajì. Láti ìgbà náà ni ọgbọ́n yìí ti wọ inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ ìsọdipúpọ̀ tí a ń ṣe. A kò gbọdọ̀ sì sọ ọ́ di àsọdùn: kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà ni ó ń jèrè rẹ̀. 45 gan-an, tí Yorùbá fi ìyọkúrò méjì sọ, kò rí èrè kankan gbà. Bí ẹ̀rọ bá rò ó ní 32, 8, 4 àti 1, nọ́ńbà mẹ́rin ni. Bí ó bá gba ọ̀nà ìyọkúrò, 64 tí a yọ 16 àti 4 kúrò lára rẹ̀, tí a sì fi 1 lé e, mẹ́rin náà ni.

Ní nǹkan bí 1958, ọgbọ́n yìí wọ inú pínpín náà. Sweeney ní IBM, Robertson ní Illinois àti Tocher ní Lọ́ńdọ̀nù, tí olúkúlùkù wọn ń dá ṣe tirẹ̀, rí i pé ohun tí ń fa pínpín sẹ́yìn ni pé ẹ̀rọ ní láti mọ àmì ìdáhùn kọ̀ọ̀kan láìṣìnà kí ó tó lọ sí èyí tí ó kàn. Wọ́n wá gba ẹ̀rọ láyè láti fojú díwọ̀n. Bí ó bá mú jù, àmì tí ó kàn yóò jẹ́ ti ìyọkúrò, yóò sì dá èlé padà. Bẹ́ẹ̀ ni ọjà rí: ẹni tí kò ní owó tí ó ṣe déédéé yóò san ogún, yóò sì gba ṣéńjì márùn-ún. Ní 1961 Algirdas Avizienis ṣàlàyé ìdí tí èyí fi ń yá ẹ̀rọ lára: bí iye kan bá ní ju ọ̀nà kan lọ tí a lè gbà kọ ọ́, ẹ̀rọ lè yan èyí tí kò ní jẹ́ kí nọ́ńbà tí a ń gbé sókè rìn jìnnà. Yorùbá mọ irú ọ̀pọ̀ ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta, ìyẹn ẹgbàáta tí ó dín ẹgbẹ̀rún kan. Ẹni tí ó bá sì sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì kò ṣìnà.

Ọgbọ́n dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi í ṣe ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fi í ṣe é pé. Àpẹẹrẹ kan wà tí gbogbo ayé mọ̀. Chip Pentium tí Intel gbé jáde ní 1993 ń fi ọ̀nà Sweeney, Robertson àti Tocher pín nọ́ńbà. Àtẹ kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń sọ àmì tí ẹ̀rọ yóò yàn. Nínú ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú àtẹ náà, ó lé ní ẹgbẹ̀rún, márùn-ún kò sí níbẹ̀. Ní 1994 Thomas Nicely, olùkọ́ ìṣirò ní Lynchburg College ní Virginia, ń ṣèwádìí lórí àwọn nọ́ńbà tí a kò lè pín, ó sì rí i pé ìdáhùn ẹ̀rọ kò bára mu. Láìpẹ́ gbogbo ènìyàn ti ń dán an wò: bí a bá fi 3,145,727 pín 4,195,835, ó yẹ kí ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ ní 1.33382, ṣùgbọ́n 1.33373 ni Pentium ń fúnni. Àṣìṣe márùn-ún yìí ná Intel ní mílíọ̀nù 475 dọ́là, nítorí pé ohun tí a ti rọ sínú irin kò ṣeé tún rọ. Chip titun ni wọ́n ní láti fi pààrọ̀ rẹ̀.

Ibí yìí ni ẹ̀rọ àtúntò gba wọlé. Láti 1960 ni Gerald Estrin ní Yunifásítì California ní Los Angeles ti dá a lábàá pé kí kọ̀ǹpútà ní apá kan tí kì í yí padà àti apá kan tí a lè tún tò fún iṣẹ́ tí ó bá délẹ̀. Ohun èlò kò tíì tó fún èrò rẹ̀ nígbà náà. Ní 1984 Ross Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ Xilinx sílẹ̀. Ní 1985 wọ́n gbé XC2064 jáde, irú chip tí a wá ń pè ní FPGA. Ìyàrá kéékèèké 64 ni ó wà nínú rẹ̀. Ìyàrá kọ̀ọ̀kan ní àtẹ ìdáhùn kékeré kan tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń kọ ohun tí ó bá fẹ́ sí, àwọn wáyà tí ó so wọ́n pọ̀ sì ṣeé tún so. Ẹni tí ó mọ ayò títa yóò tètè lóye rẹ̀: ọpọ́n kì í yí padà, ọmọ ayò ni a ń tún tò. Bí a bá rí àṣìṣe nínú ìṣirò irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, a kò nílò chip titun. Ìtò titun ni a óò fi ránṣẹ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ọpọ́n àkọ́kọ́ kéré jù fún ìṣirò floating-point. Ní 1994 Barry Fagin àti Cyril Renard gbìyànjú láti to ìṣirò bíìtì 32 ti IEEE sórí FPGA. Kò sí chip kan ṣoṣo nígbà náà tí ó tóbi tó láti gba ẹ̀rọ ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ nìkan. Ní 1995 Nabeel Shirazi, Al Walters àti Peter Athanas ní Virginia Tech gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n béèrè ìbéèrè tí ẹni tí ó ra chip tí a ti rọ parí kò lè béèrè: ṣé bíìtì 32 pọn dandan? Fún iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n rí i pé bíìtì 18 tó fún ọ̀kan, bíìtì 16 sì tó fún èkejì. Wọ́n gé ẹ̀wù náà bí ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ ti tó. Iṣẹ́ kékeré ni lójú, àmọ́ òun ló yí èrò àwọn onímọ̀ padà jù lọ, nítorí pé láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé lórí ẹ̀rọ àtúntò, òǹkà fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí a lè tò.

Ewu ń bẹ nínú òmìnira yìí. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì, 1991, ní Dhahran ní ilẹ̀ Saudi Arabia, ohun ìjà Patriot tí ó yẹ kí ó dènà bọ́ǹbù Scud kò rí i. Ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí wákàtí 100 láìsinmi. Ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ni ó fi ń ka àkókò, a kò sì lè kọ ìdámẹ́wàá tán ní òǹkà 0 àti 1. Ó ní láti jẹ́ pé a gé e níbì kan, bíìtì 24 sì ni ẹ̀rọ náà fi ń gbà á. Ohun tí a gé kò tó nǹkan. Lẹ́yìn wákàtí 100, ó ti di ìdámẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá, Scud a sì ti rìn ju ìdajì kìlómítà lọ láàrin àkókò bẹ́ẹ̀. Sójà Amẹ́ríkà 28 ni ó kú. Kì í ṣe floating-point ni ẹ̀rọ náà ń lò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ yan iye bíìtì fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá gé e gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ohun tí ó gé yóò kó jọ sí.

Ọgbọ́n tí ó ń yá chip tí a rọ lára kì í sábà yá ẹ̀rọ àtúntò lára bákan náà. Lórí FPGA, àwọn wáyà gbogbogbò lọ́ra, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe é fi ọ̀nà àkànṣe kan sí i tí nọ́ńbà tí a ń gbé sókè ń gbà kọjá láti ìyàrá kan sí èkejì kíákíá. Nítorí náà, ìròpọ̀ lásán, bí ọmọ ilé-ìwé ti ń ṣe é, a máa yára ju àwọn ìlànà dídíjú tí a fi ń ṣe é lórí chip mìíràn. Aago FPGA náà kò yára tó ti kọ̀ǹpútà. Ohun tí ó ń gbà á ni pé a ń pín iṣẹ́ bí obìnrin ti ń pín iṣẹ́ ilé àsè: ọ̀kan ń bẹ iṣu, ọ̀kan ń sè é, ọ̀kan ń gún un, tí kò sì sí ẹni tí ó ń dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ẹnìkíní bá ti fi iṣu kan sílẹ̀, òmíràn ni yóò mú.

Níbi tí ìyọkúrò ti wá gbilẹ̀ jù lọ lórí irú ẹ̀rọ yìí ni ìsọdipúpọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tí kì í yí padà. Chip gbogbogbò ní láti múra sílẹ̀ fún nọ́ńbà èyíkéyìí. Ẹni tí ó ń to FPGA lè ti mọ̀ pé 15 tàbí 60 ni iṣẹ́ òun yóò máa lò láti àárọ̀ di alẹ́. Kò ní kọ́ ẹ̀rọ ìsọdipúpọ̀ rárá. Fún 15 yóò ṣí nọ́ńbà sípò mẹ́rin, yóò sì yọ nọ́ńbà náà kúrò. Fún 60 yóò yọ 4 kúrò nínú 64, dípò kí ó ro 32, 16, 8 àti 4 pọ̀. Bí iṣẹ́ bá yí padà lọ́la, yóò tún un tò. Florent de Dinechin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé kọ ètò kọ̀ǹpútà FloPoCo, tí ó ń ṣẹ̀dá irú àwọn ẹ̀rọ ìṣirò báyìí fún iye bíìtì tí ènìyàn bá fẹ́, wọ́n sì gbé e sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti lò.

Ìbàdàn kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1962 a tẹ ìwé Robert Armstrong lórí òǹkà Yorùbá jáde ní ìlú yìí, ìwé pẹlẹbẹ tí ó tú orúkọ àwọn iye palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìyọkúrò àti ìròpọ̀ inú wọn. Ní 1963 ilé-iṣẹ́ IBM dá ibùdó ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ọdún kan ni ó wà láàrin wọn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí ó ń wọ ilẹ̀ wa nígbà náà jẹ́ àpótí tí a ti dè láti òkèèrè wá: ẹni tí a kọ́ ní iṣẹ́ rẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń pàṣẹ fún un ni, kò sí ohun tí ó kàn án nípa bí ó ṣe ń ṣírò. Ẹni tí ó mọ ẹ̀ẹ́dógún kò ní ìdí láti bi ẹ̀rọ léèrè bí ó ṣe mọ 15. FPGA ti tú àpótí náà sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò nílò ilé-iṣẹ́ tí ń rọ chip. Pátákó kékeré kan, kọ̀ǹpútà kan àti iná mànàmáná tó láti bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iná mànàmáná yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní Ìbàdàn. Ní 2014, Ọlúgbénga Akinadé àti Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa sọ nọ́ńbà di ọ̀rọ̀ Yorùbá, tí ìyọkúrò inú òǹkà náà fi di òfin tí ẹ̀rọ lè tẹ̀ lé.

Ní ọdún 2014 kan náà, ilé-iṣẹ́ Altera kéde FPGA tí a ti rọ ìṣirò bíìtì 32 ti IEEE mọ́ inú irin rẹ̀. Àwọn kan rò pé ìyẹn ti parí iṣẹ́ àwọn tí ń to ìṣirò fúnra wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá àwòrán àti ohùn mọ̀ rí i pé bíìtì 32 pọ̀ jù fún iṣẹ́ wọn. Wọ́n padà sí 16, àwọn mìíràn sì ti ń lo 8, èyí tí irin Altera ìgbà náà kò múra sílẹ̀ fún. Ní 2015 Martin Kumm, Shahid Abbas àti Peter Zipf ní Yunifásítì Kassel ní Jámánì fi hàn bí a ṣe lè to ìsọdipúpọ̀ Booth sínú àtẹ ìdáhùn kéékèèké FPGA tí ó ní ẹnu mẹ́fà, kí ìyọkúrò àti gbígbé nọ́ńbà sókè lè parí nínú ìyàrá kan náà. Ẹ̀rọ tí wọ́n tò gba àyè tí ó kéré sí ti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀.